Sáàmù ọjọ́ Ìsinmi: báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́ níbi tiyín tí ìjọ fi ń bá kọ́yà kọ ọ́?

Tẹ́nọ̀Iléṣà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa dá sí. Áńgílíkà ni wá, ìsìn òwúrọ̀ Yorùbá la máa ń ṣe, tó bá ti kan Sáàmù báyìí gbogbo ìjọ á kàn dákẹ́ lọ gbári, kọ́yà nìkan ló ń kọ ọ́, àwọn náà á sì máa sáré bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀ ní gáréèjì. Àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ojú ìwé, kí wọ́n tó rí i a ti dé "Ògo ni fún Baba". Fíkà wa tuntun wá ní tó bá jẹ́ bá a ṣe fẹ́ máa ṣe é nìyí, òun á kúkú yọ ṣáǹtì (ohùn orin kúkúrú tá a fi ń kọ ẹsẹ Sáàmù) kúrò, ká máa fi ẹnu ka ẹsẹ mẹ́rin márùn-ún ká kọjá sórí ẹ̀kọ́ kìíní. Ọ̀gá akọrin ò gbà rárá, inú ń bí wọn. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n ní kó lọ wádìí bí àwọn ìjọ míì ṣe ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe tí ìjọ fi ń bá yín kọ ọ́? Kí lẹ sì ń ṣe tó fi ń yé wọn?

Dùùrù_Ìbàdàn
Ẹ má yọ ọ́ o. Bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ lọ tún ṣe. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni nóòtì àkọ́kọ́ yẹn, èyí tí wọ́n máa ń to ọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá gùn, ẹsẹ kan lè ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ gan-an kó tó dé ibi tí ohùn ti máa yí, ni kọ́yà á bá kó gbogbo ẹ̀ gììrì sórí nóòtì kan, wọ́n á tó wá dé ìparí kí wọ́n tó máa fa ohùn tìrẹ́tìrẹ́. Òdì kejì ẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ ni kí wọ́n ṣe kọ ọ́, látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ohun tá à ń ṣe ní rìhásà wa ni pé a ò ní tíì fọwọ́ kan dùùrù. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹnu lásán ka Sáàmù yẹn pọ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, títí tí wọ́n á fi máa dánu dúró níbì kan náà. Ibi tí kólọ́ọ̀nù (:) bá wà láàárín ẹsẹ, kí wọ́n mí níbẹ̀, kí wọ́n mí kanlẹ̀, ẹni tó bá mí níbòmíì ẹ dá a padà. Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí ìyẹn nìkan ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, torí ibi ìmí yẹn ni àwọn tó wà nínú ìjọ fi máa ń bá yín.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ lo ṣáǹtì kúkúrú, èyí tó jẹ́ nóòtì mẹ́wàá péré: mẹ́rin fún ìdajì àkọ́kọ́, mẹ́fà fún ìdajì kejì, ẹsẹ kan sì ti lò ó tán. Eléyìí tó gùn ìlọ́po méjì tó ń gba ẹsẹ méjì méjì, ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọ tó ti dákẹ́ fún ọdún púpọ̀ ò lè gbá a mú. Kẹ́ ẹ sì lo ẹyọ kan náà fún odindi oṣù kan. Mo mọ̀ pé ó máa sú kọ́yà, ẹ jẹ́ kó sú wọn, àwọn kọ́ nìkan lẹ ń kọ ọ́ fún.

Báàsì_kejì
Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn tó máa ń ka "Sela" jáde sókè lójú ìjọ 😂 àmì fún àwọn olórin ni wọ́n gbà pé ó jẹ́ o, ó wà nínú Sáàmù níbi mọ́kànléláàádọ́rin, ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ fẹ́ pè ni

Dùùrù_Ìbàdàn
@Báàsì_kejì ó ń ṣẹlẹ̀ níbi tiwa náà jàre 😂 bàbá kan tiẹ̀ máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Nǹkan kan ṣì kù tí mi ò sọ, ọ̀rọ̀ ohùn. Ṣáǹtì yìí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é fún èdè tiwọn, èdè wọn ò sì ní dò-re-mi nínú ọ̀rọ̀ bíi tiwa. Ẹ wo Sáàmù 95 tá a máa ń kọ láràárọ̀, "Ẹ wá, ẹ jẹ́ kí a kọrin sí Olúwa". Olúwa: re, mi, re. Bí ṣáǹtì tẹ́ ẹ mú bá wálẹ̀ lórí "lú" tó wá gòkè lórí "wa", "Olùwá" lẹ kọ yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́run. Ẹ tún wo ìparí ẹsẹ náà, "ìgbàlà wa", dò dò dò re, ohùn wà nísàlẹ̀ ó wá gbéra díẹ̀ níkẹyìn. Ṣáǹtì tó bá ń já wálẹ̀ níparí á dojú ẹ̀ dé. Torí náà kẹ́ ẹ tó yan ṣáǹtì fún Sáàmù kan, ẹ pe ìparí ẹsẹ mẹ́ta mẹ́rin jáde kẹ́ ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ, kẹ́ ẹ wá wá èyí tó bá púpọ̀ nínú wọn mu. Gbogbo ẹ̀ ò lè bára mu láéláé, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù lẹ máa yẹra fún.

Àwọn àgbà ti rí i tipẹ́. Bàbá T. K. Ekundayo Phillips tó wà nídìí dùùrù Kàtídírà ti Kírísítì ní Marina l'Ékòó láti 1914 títí di 1962 kọ ọ́ síwèé ní 1953 pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn gan-an ni Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kuti ti ń fi ohùn ìbílẹ̀ kọrin ìsìn ní Abẹ́òkúta, wọ́n tiẹ̀ gba orin wọn sórí rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922. Ẹni tó bá wá ń sọ pé orin ìbílẹ̀ nínú ìsìn Áńgílíkà jẹ́ àṣà àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ẹ fún un ní omi tútù mu.

MámaÌbejì_Abẹ́òkúta
Ẹ kú làákàyè o bọ̀dá Dùùrù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dá sí ìbéèrè kejì tí ọmọ yẹn bi, torí èèyàn lè kọ ọ́ dáadáa kó má mọ ohun tó kọ. Níbi tiwa, lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n máa ń fi Sáàmù ọjọ́ kejì sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àwọn ìyá, odindi ẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà ẹ̀ lásán o, torí tẹ́ ẹ bá fi nọ́ńbà nìkan ránṣẹ́ ta ló fẹ́ lọ ṣí Bíbélì lálẹ́ Sátidé tó ń gún iyán lọ́wọ́. Ẹnì kan á wá bi wá ní nǹkan mẹ́ta: ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí, ta ló ń bá sọ̀rọ̀, kí ló ń fẹ́? Ó tán. Àwọn ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, òmíì á fi ohùn sílẹ̀ torí wọn ò lè tẹ̀wé, tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi Sáàmù yẹn ti di tiwọn. Ìgbà tá a ṣe Sáàmù 13 ní ìyá àgbà kan sọ pé òun ò mọ̀ pé wọ́n gba èèyàn láyè láti bi Ọlọ́run pé títí dìgbà wo lo máa gbàgbé mi. Ó ní òun ti ń rò ó nínú láti ọjọ́ pípẹ́, òun kàn ń bẹ̀rù láti fi ẹnu sọ ọ́ ni.

Ẹ sì bẹ Fíkà yín kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú méjì péré sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ ká tó kọ ọ́. Ìwàásù kọ́ o! Ìṣẹ́jú méjì. Mo mọ àwọn Fíkà.

Kátólíìkì_Ọ̀yọ́
Ní tiwa kì í ṣe gbogbo ìjọ ló ń kọ gbogbo ẹsẹ. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kìíní, ẹnì kan á dìde láti kọ Sáàmù, àwa á máa gbe ìdáhùn, gbólóhùn kúkúrú kan tí wọ́n mú látinú Sáàmù yẹn gan-an, a ó máa dá a padà lẹ́yìn ẹsẹ bíi mẹ́ta mẹ́rin. Ẹni tí ò mọ̀wé náà á kọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n tún ètò ẹ̀kọ́ Máàsì ṣe ní 1969 tí wọ́n pín in sí ọdún A, B àti C, wọ́n yan Sáàmù kọ̀ọ̀kan kó lè bá ẹ̀kọ́ kìíní lọ, torí náà tẹ́ ẹ bá fetí sílẹ̀ ẹ̀ẹ́ rí i pé ìdáhùn lẹ ń fún Ọlọ́run sí ohun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Lílé àti ègbè náà ni, ṣé kì í ṣe bí Yorùbá ṣe ń kọrin látọjọ́ nìyẹn? Ẹ̀yin Áńgílíkà lẹ fi ṣáǹtì há ara yín mọ́ 😀

Ìmọ̀ràn kan péré: ẹni tó ń dá a, kó má lọ ṣe àṣehàn. A ní arábìnrin kan tí ohùn ẹ̀ dùn bí i ti kí la ti ń wí, ó máa ń yí ohùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọ á gbàgbé láti gbè.

Tẹ́nọ̀Iléṣà
@Kátólíìkì_Ọ̀yọ́ ẹ ṣé sà. Ṣùgbọ́n tá a bá ń yan ẹsẹ mẹ́ta mẹ́rin nìkan, ṣé kì í ṣe ohun tí Fíkà wa fẹ́ ṣe náà nìyẹn?

Lérídà_Oǹdó
Ẹ má dàpọ̀ wọn. Ìwé Àdúrà pín gbogbo Sáàmù 150 sí ọgbọ̀n ọjọ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù láàárọ̀ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí 1 dé 5, ìrọ̀lẹ́ ọgbọ̀njọ́ ẹ parí ẹ̀ pẹ̀lú 147 dé 150. Ó dáa fún ẹni tó ń gbàdúrà lójoojúmọ́. Ìjọ tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń pàdé, tẹ́ ẹ bá ní tọjọ́ náà gẹ́lẹ́ lẹ fẹ́ máa kọ, ẹ̀ẹ́ kàgbákò lọ́jọ́ tí ìsìn ìrọ̀lẹ́ bá bọ́ sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù, torí Sáàmù 78 ló wà níbẹ̀, ẹsẹ méjìléláàádọ́rin! Àwọn ọmọdé á sùn, àwọn àgbà á tẹ̀ lé wọn.

Torí náà ó bójú mu kẹ́ ẹ yàn. Ohun tí mo kọ̀ ni kó jẹ́ pé mẹ́wàá kan náà lẹ ń yàn ṣáá. Ẹ yẹ àkọsílẹ̀ yín wò, ẹ̀ẹ́ rí i pé 23, 24, 100, 121, 150 ni, tó bá dìgbà Lẹ́ńtì 51. Àwọn tó ń sunkún nínú ìwé yẹn pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, a kì í sì kọ wọ́n. Apá márùn-ún ni wọ́n pín ìwé Sáàmù sí, 1 dé 41, 42 dé 72, 73 dé 89, 90 dé 106, 107 dé 150. Ẹ mú ẹyọ kan látinú apá kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ó rí oríṣiríṣi.

AládùúràGidi
Ẹ̀yin Áńgílíkà àti Kátólíìkì ẹ kú ìjà nóòtì o. Àwa ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ta ló ń fi dùùrù dá wa lóró? A ó kúnlẹ̀, a ó ka 51, gbogbo wa, tàgbà tọmọdé, láìwo ìwé, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ gan-an mọ "Dá àyà títun sínú mi, Ọlọ́run". Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí Sáàmù wọ ìjọ lára ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sórí. Ẹni tó bá ń wojú ìwé ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Báàsì_kejì
@AládùúràGidi òótọ́ ni ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ máa ń ka 35 àti 109 sórí omi fún ọ̀tá, ṣé ìyẹn náà ìsìn ni

AládùúràGidi
Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nínú Bíbélì tiyín ni?

Lérídà_Oǹdó
Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa láìbínú torí ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ó wà nínú Bíbélì gbogbo wa. Àwọn Kátólíìkì gan-an yọ 58, 83 àti 109 kúrò nínú ìwé àdúrà ojoojúmọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní 1971, wọ́n sì gé ìparí 137 kúrò, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ Bábílónì. Èmi ò fara mọ́ yíyọ. Ẹni tó kọ 109 ò gbé àdá, Ọlọ́run ló lọ fẹjọ́ sùn, ó kó gbogbo ìbínú ẹ̀ síwájú ẹ̀. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá ẹ̀ ní kóòtù, kí lẹ fẹ́ kó kọ, "Ẹ hó ìhó ayọ̀"? Ṣùgbọ́n kéèyàn wá di orúkọ àbúrò ìyá ẹ̀ mọ́ ọn, kó máa kà á láàárín òru, ó ti di nǹkan míì nìyẹn, ìyẹn ò yàtọ̀ sí ọfọ̀. Tẹ́ ẹ bá máa kọ irú ẹ̀ nínú ìsìn, ẹ jẹ́ kí Fíkà sọ̀rọ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ sì jọ kọ ọ́, kó má jẹ́ ẹnì kan ló ń kọ ọ́ sí ẹnì kan.

AládùúràGidi
Mo gbọ́ sà. Ibi tẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí yẹn, mi ò ní jiyàn.

Àdùkẹ́_sopránò
Sáàmù 88 ni tèmi. Òun nìkan ni mo mọ̀ nínú gbogbo wọn tí kò yí padà sí ọpẹ́ rárá, òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ẹ̀ nínú Bíbélì Yorùbá. Ọdún tí ọkọ mi kú, gbogbo ìgbà tí mo bá dé ṣọ́ọ̀ṣì orin ọpẹ́ ni, ijó ni, wọ́n á ní kí n jó, mò ń jó. Lọ́jọ́ kan ní ìsìn ìrọ̀lẹ́ tí a ò ju ìwọ̀nba lọ wọ́n kọ 88, ọ̀gá akọrin ò lo ṣáǹtì aláyọ̀, nóòtì tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n mú, díẹ̀díẹ̀, nígbà tá a parí ẹ̀ wọn ò tètè bẹ̀rẹ̀ "Ògo ni fún Baba", wọ́n jẹ́ kó pa rọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kí n dákẹ́. Torí náà ẹ̀yin ọ̀gá akọrin, ẹ má fi ohùn ìgbéyàwó kọ Sáàmù òkú, ẹ jọ̀ọ́.

MámaÌbejì_Abẹ́òkúta
Àǹtí Àdùkẹ́ ẹ kú ìrọ́jú mà. Olúwa á máa tù yín nínú.

ỌmọPeckham
Ẹ kú àárọ̀ láti London. Ní tiwa àwọn ọmọ ò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, àwọn òbí ò sì fẹ́ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó bá wa yanjú ẹ̀ ni Sáàmù 136, ẹsẹ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, gbogbo ẹ̀ pátá ló parí sí "nítorí tí àánú rẹ̀ dúró láéláé". Ọmọ kan á ka ìdajì àkọ́kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ilé á gbe ègbè ní Yorùbá, a fi ohùn tiwa sí i, gángan ń tẹ̀ lé e. Tí ọmọ bá ti gbe ègbè yẹn nígbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kan ẹ ò tún nílò kí ẹ kọ́ ọ. A ti ń ṣe 118 náà bẹ́ẹ̀ torí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ jọra. Èyí tí ò bá ní ègbè, a máa ń mú gbólóhùn kan nínú ẹ̀ sọ ọ́ di ègbè, bíi ti bọ̀dá Kátólíìkì.

Ọmọ_Kánọ́ọ̀nù
Gángan nínú Sáàmù kẹ̀? Ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ rèé. Kò sí nǹkan tí wọn ò ní sọ di pátì.

ỌmọPeckham
Sà, ẹ ka 150. Ìpè wà níbẹ̀, ohun èlò olókùn wà níbẹ̀, aro wà níbẹ̀, "ẹ fi ìlù àti ijó yìn ín". Dùùrù Gẹ̀ẹ́sì yín ni mo wá títí tí mi ò rí.

Ọmọ_Kánọ́ọ̀nù
Àti Sáàmù 51 ńkọ́, gángan náà lẹ máa lù sí i?

ỌmọPeckham
Rárá o sà, ibẹ̀ yẹn ẹ jàre mi.

Dùùrù_Ìbàdàn
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbà á. Ẹni tó bá ń lù ú, kó má kàn lu ìlù ijó, kó jẹ́ kí gángan sọ ìdajì ẹsẹ yẹn gan-an kí ìjọ tó dá a lóhùn. Onílù tó bá mọṣẹ́ á ṣe é. Èyí tí ò bá mọ̀ ọ́n, kó jókòó.

Àti pé Tẹ́nọ̀Iléṣà, ẹ pín ìjọ sí méjì, ọ̀tún àti òsì, kọ́yà náà kó pín ara ẹ̀ sí méjèèjì kó má kóra jọ síwájú. Apá kan á kọ ìdajì àkọ́kọ́, apá kejì á dáhùn. Sáàmù fúnra ẹ̀ ni wọ́n kọ bẹ́ẹ̀, ìdajì kejì á tún ohun tí àkọ́kọ́ sọ sọ lọ́nà míì, tàbí kó fi kún un, bí akéwì wa ṣe máa ń sọ nǹkan kan ní ẹ̀ẹ̀mejì kó lè wọni létí. Tí ìjọ bá gbọ́ ara wọn lódì kejì, wọ́n á mọ̀ pé ẹnì kan ń dúró de àwọn, wọn ò sì ní dákẹ́. Ẹ fi àwọn ìyá sí apá kan kẹ́ ẹ wò ó, kò ní pẹ́ tí àwọn bàbá á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbéhùn sókè kí wọ́n má bàa borí wọn 😂

Kátólíìkì_Ọ̀yọ́
Bí àwọn mọ́ńkì ṣe ń ṣe é náà nìyẹn, láti ayé Bẹ́nẹ́díìkì mímọ́ ní sẹ́ńtúrì kẹfà, ìhà kan ń dá ìhà kejì lóhùn, gbogbo 150 láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni òfin tiwọn o. Ẹ̀yin ń sunkún nítorí 78.

Tẹ́nọ̀Iléṣà
Ẹ ṣeun gan-an ni o, gbogbo yín. Mo ti tẹ gbogbo ẹ̀ jáde fún ọ̀gá akọrin àti Fíkà, àwọn méjèèjì jókòó sọ ọ́ lẹ́yìn àdúrà Wẹ́sìdé. Ibi tá a dé báyìí ni pé ṣáǹtì dúró, kúkúrú la ó lò, ẹyọ kan fún oṣù kan, ìjọ á pín sí méjì, Fíkà gbà láti sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì (ọ̀gá akọrin ní àwọn á máa wo aago). Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù la ó fi ṣe ti lílé àti ègbè, wọ́n sì fẹ́ fi 67 bẹ̀rẹ̀ torí ẹsẹ méje péré ni, gbólóhùn "jẹ́ kí àwọn ènìyàn kí ó yìn ọ́" sì tún wá lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀, ó ti fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ ègbè fúnra ẹ̀. Ti gángan ṣì wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọ, ẹ máa bá wa gbàdúrà. Ṣé ẹnì kan ní tonic solfa ohùn ìbílẹ̀ kan tá a lè fi sí ègbè 67 yẹn?

Báàsì_kejì
Mo ní ọ̀kan tá a kọ nígbà ìkórè, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n àltò ẹ̀ le díẹ̀. Iná ò sí báyìí, fóònù mi ti fẹ́ kú, màá ya fọ́tò ẹ̀ síbí lálẹ́. Ẹ má jẹ́ kí tẹ́nọ̀ gba orin yẹn lọ́wọ́ àwọn ìyá o, mo mọ̀ yín.